Ọkọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Sùn Nínú Rẹ̀

"Bàbá, tí ẹ bá wá sùn bíi ti ẹsẹ̀ yín, báwo la ṣe máa mọ̀?"

Ọmọbìnrin kékeré kan ló bi bàbá rẹ̀ léèrè bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Àlàó ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ fún ọ.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní ìlú tó jìnnà. Ọkọ̀ tókunbọ̀ ló ní. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ a máa dùn ún, nítorí ẹsẹ̀ náà ló fi ń tẹná láti ilé títí dé ibi tí wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ kan ó wọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rẹ́ náà tẹ bọ́tìnì kan, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ sì ń dá sáré lọ ní ìwọ̀n kan náà, kò lé, kò dín. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó lọ bá rẹwáyà tó máa ń tún iná ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

Rẹwáyà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tiyín ò bá a wáyé, àmọ́ a lè bá yín fi sí i."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ṣé ó máa bá wa ru ẹrù náà?"

Wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì, ó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ara tu orúnkún rẹ̀. Koríko ń kọjá, igi emi ń kọjá, ọkọ̀ ń lọ bí àwòdì tó na ìyẹ́ sílẹ̀ lójú sánmà.

Ọmọbìnrin náà yọjú láàárín àga méjèèjì. "Bàbá, ta ló ń wa ọkọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó ń sinmi."

Ìgbà yẹn ló wá bèèrè ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ sọ. Bàbá tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ìyá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, oorun kì í pẹ́ gbé wọn lọ nínú ọkọ̀ yẹn. Bó bá ń gun òkè, á rọra falẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá á tẹ̀ ẹ́, á tún gbéra. Bí ewúrẹ́ bá yọ lókèèrè, eré á dín. Ìyá àti àwọn ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú oorun, bí ọmọ ẹ̀yìn ṣe ń gbọ́ mímí ìyá tó pọ̀n ọ́n. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń gbọ́ ọ. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé ẹnìkan wà lójúfò.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ìyá ń yọ́ ojú ọkọ rẹ̀ wò.

"Ṣé ẹ rí màlúù yẹn?"

"Mo rí i."

"Tírélà iwájú yẹn ńkọ́?"

"Ìwọ wá jókòó síbí kí o máa wà á nígbà náà."

Ó dun ọkùnrin náà, torí kò sùn, ojú rẹ̀ là kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo dígí, ó rí ojú gbogbo wọn lẹ́yìn tó là sílẹ̀, títí kan ti ọmọ ọwọ́. Ó tẹ bọ́tìnì, ó gbé ẹsẹ̀ padà síbi tó ti ń dùn ún.

Ọkọ̀ mì díẹ̀. Ó falẹ̀ lẹ́nu òkè, ó tún gbéra. Kí wọ́n tó sọ̀ ní òdìkejì, ọmọ ọwọ́ ti sùn, oníbéèrè ti fi orí lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá ti gbórí lé fèrèsé. Ọkùnrin náà kò yọ ẹ̀rọ náà o. Ìgbà tó bá dá wà nínú ọkọ̀ ló ń lò ó.

Àlàó, ìwọ ni mò ń bá wí. O ti ṣètò fóònù rẹ kó máa dá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí wa láràárọ̀: ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà, mo wà dáadáa. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ pọ̀, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó wọlé lásìkò rẹ̀: mo wà dáadáa. Ẹ̀yìn ìgbà tí iṣẹ́ abẹ náà ti parí ni ìyàwó rẹ tó sọ fún wa. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọlé, bàbá rẹ á tẹjú mọ́ ọn, á ní, "Ṣé òun fúnra rẹ̀ nìyí?" Oorun gidi kò wọ ilé yìí títí di òní.

Bó bá ń ràn ọ́ lọ́wọ́, má pa á. Ṣùgbọ́n fi ẹsẹ̀ tìrẹ náà sí i. Fi ohùn tó bá wà lọ́rùn rẹ lọ́jọ́ náà pè wá. Tó bá rẹ̀ ọ́, jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ létí wa. Tí a ò bá gbọ́ ọ fún ọjọ́ díẹ̀, a ó mọ̀ pé òkè lo ń gùn.

Nírọ̀lẹ́ òní tí o pè, ohùn rẹ há. O wúkọ́. O ní ojú iṣẹ́ abẹ náà ṣì ń dùn ọ́, o ní ẹ̀kọ mímu ti sú ọ, bàbá rẹ sì ní kí o mu ún bẹ́ẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ kọ́. Síbẹ̀, láti ìgbà tó ti gbé fóònù sílẹ̀ ló ti ń hanrun. Àbúrò rẹ náà ti sùn, kò tilẹ̀ rántí pa iná. Mo fẹ́ lọ bá a pa á. Oorun ti ń kùn mí.