Ìdí Tí Alángbá Fi Ń Mi Orí Lára Ògiri

Nígbà láéláé, nígbà tí ọrùn alángbá ṣì dúró gbọn-in, tí orí rẹ̀ kì í mì rárá, Alángbá ni ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán ní ìlú Òkè-Ẹrùpẹ̀. Kò sí ògiri tí kò tíì fi osùn àti ẹfun kùn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó rìnrìn àjò dé Akúrọ̀, ìlú àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Ó bá àwọn ìyá àgbà wọn nídìí àpáta ńlá kan. Wọ́n ń fi ìka ya àwòrán, wọ́n sì ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ti ń yà á. Ìtàn Ìyá-Ńlá ni, ọ̀pọ̀lọ́ àkọ́kọ́, tó rìn la ilẹ̀ náà já, tó sì fi omi pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ níbi gbogbo tó ti sinmi. Ibi ìsinmi kan, ẹ̀kán ẹfun kan.

Àwòrán náà wọ Alángbá lójú. Ìyá Dúdúyẹmí, àgbà ibẹ̀, rí i tó fẹ́ máa lọ.

Ó ní, “Ọmọ mi, jókòó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”

Alángbá ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ìyá. Mo ti rí i.” Ó sáré lọ sílé.

Ó ya Ìyá-Ńlá sára ògiri Òkété, Baálẹ̀ ìlú wọn. Orí ọ̀pọ̀lọ́ náà pá jù lójú rẹ̀, ló bá fi ìwo méjì sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ló bá kán ẹfun mẹ́sàn-án sí i. Gbogbo ìlú wá wò ó, wọ́n ń yìn ín.

Baálẹ̀ bi í pé, “Kí ni ìtumọ̀ ìwo yìí?”

“Ìjìnlẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ni, Baálẹ̀. Kò ṣeé fẹnu sọ.”

“Àwọn ẹ̀kán ẹfun yìí ńkọ́?”

“Ibi tí omi wà nìyẹn.”

Kò pẹ́, ọ̀dá dá. Kànga gbẹ, odò gbẹ. Baálẹ̀ ní kí ara gbogbo ènìyàn balẹ̀, pé omi àwọn wà lára ògiri. Wọ́n kó ọkọ́, wọ́n tẹ̀ lé àwòrán. Wọ́n gbẹ́ ibi àkọ́kọ́, wọ́n bá òkúta. Wọ́n gbẹ́ ìkejì, eruku ló kún ojú wọn. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kó sínú ihò kẹta, ó sì bá ìjàlọ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi lè jókòó.

Nígbà tí ọmọ Ehoro dákú nítorí òùngbẹ, Baálẹ̀ sọ fún Alángbá pé, “Lọ pe àwọn tó ni ìtàn wá.”

Ìyá Dúdúyẹmí wá. Ó wo ògiri náà títí.

“Ta nìyí?”

“Ìyá-Ńlá yín ni, ìyá.”

“Ìyá wa kò ní ìwo.”

Alángbá wolẹ̀. “Mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ni.”

“Ẹfun mẹ́sàn-án yìí ńkọ́?”

“Ẹ̀ṣọ́ náà ni.”

Baálẹ̀ Òkété fọwọ́ pa ìdí. Ó ní, “Ẹ̀ṣọ́ ló bù mí jẹ báyìí.”

Ìyá Dúdúyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alángbá, bí ẹnì kan bá fi ìwo sórí ìyá tìrẹ, ṣé ẹ̀ṣọ́ lo máa pè é?”

Ojú ti Alángbá.

Ìyá àgbà náà kọ́kọ́ mú wọn lọ sídìí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí Ìyá-Ńlá ti sinmi rí. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, omi sì ń sun. Ọmọ Ehoro mu, ó la ojú. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà padà sọ́dọ̀ Alángbá.

“Nu ògiri yìí mọ́. Bí o bá fẹ́ ya ìyá wa, wàá gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá yé ọ, mi orí. Ibi tí kò bá yé ọ, béèrè.”

“Ṣé ìtàn náà gùn, ìyá?”

“Ìgbà tí mo ṣì ní ìrù ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi. Èṣí la parí rẹ̀.”

Alángbá mí kanlẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri tó ti nù, ó sì dẹtí.

Láti ọjọ́ náà ni alángbá ti ń gun ògiri, tó ń dúró, tó ń mi orí sókè sódò. Bí o bá rí i, má ṣe lé e. Ìtàn ló ń gbọ́ lọ́wọ́, Ìyá-Ńlá kò sì tíì dé ibi ìsinmi kejì.