Ìdí Tí Omijé Fi Ń Kán Lójú Ọmọrí Ìkòkò

Nígbà láéláé, ojú ọmọrí ìkòkò kì í tutù. Bí iná ti wù kó jó tó, gbígbẹ ni inú rẹ̀ máa ń gbẹ.

Ọmọrí kan wà nílé ìdáná Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé nìkan ni Ọlọ́run fi ta ìyá yìí lọ́rẹ, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan rọ́pò nǹkan. Bí edé bá tán, á fi ẹja gbígbẹ rọ́pò. Bí kò bá sí ata rodo, á gún ata wẹ́wẹ́. Bó bá fẹ́ se ọ̀lẹ̀lẹ̀, pòòpó ewé ló ń tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ má baà rì sómi. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí nǹkan fi rọ́pò. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, á dákẹ́, á máa wo ojú ọ̀nà.

Ọmọrí mọ ìdákẹ́ yẹn. Irú rẹ̀ wà nínú òun náà. Bí oúnjẹ bá jinná, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé kúrò, wọn á dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú eérú. Ìkòkò àti Ìgbakọ á wá bá oúnjẹ lọ sáàárín èèyàn, wọn á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn wọ́n.

"Ọmọrí, ọbẹ̀ àná ńkọ́?" Ìgbakọ á bi í. "Ó dùn, àbí kò dùn?"

"O ṣáà mọ̀ pé n ò tọ́ ọ wò."

"Káì! Wọ́n ń pè ọ́ lọ́mọ. Ọmọ ta gan-an ni ọ́?" Ìgbakọ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé Abọ́sẹ̀dé ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ rẹ ẹ̀wà, ó bó o, ó lọ̀ ọ́. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé fẹ́ràn jù. Gbogbo ẹ̀wà tó kù nílé nìyẹn.

Ọmọrí rọra sọ fún Ìkòkò pé, "Ẹ̀gbọ́n, lónìí tí àlejò ń bọ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwa méjèèjì la jọ sè é."

"Àwa wo?" ni Ìkòkò dá a lóhùn. "Ṣé o ò rí ìyá wa ni? Kí ni wọn kì í fi nǹkan mìíràn rọ́pò? Ohunkóhun tó bá ṣáà fẹ̀ ló lè bò mí lẹ́nu."

Ọmọrí yí gbirigbiri jáde, ó lọ fara ti ìdí igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé. Ó gbọ́ tí wọ́n ń dáná. Ó ń retí kí ẹnì kan pe òun. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọmọrí. Ó ní kò burú. Ó fi ewé kókò ńlá bo ìkòkò. Ewé rọ, ó rì sínú. Ó gbé igbá dé e. Ooru tì í, ó yí ṣubú. Ó gbé awo dé e. Awo kéré, ó jìn sínú ìkòkò gbì.

Ooru ń bá tiẹ̀ lọ. Omi gbẹ.

"Yéè! Ìdí mi o!" ni Ìkòkò ké. "Àbúrò mi, dákun, níbo lo wà?"

Ìyá sáré fa igi iná jáde. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ìsàlẹ̀ ti jóná, tòkè ò dì rárá. Ẹ̀wà lílọ̀ díẹ̀ ló kù nínú abọ́, oòrùn sì ti ń wọ̀.

Ó jáde, ó wá ọmọrí káàkiri títí tó fi rí i nídìí ìbẹ́pẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e lé itan, ó fi etí ìró nù ún. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n ọ́n.

"Ìwọ náà fẹ́ lọ ni?" ló bi í. "Ọmọ mi, ta ni mo wá ní nínú ilé yìí?"

Omijé rẹ̀ kán sínú ọmọrí, tó, tó, tó. Ọmọrí, tí ẹnikẹ́ni ò pè lọ́mọ rí àfi kí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀, fà á mu tán.

Ìyá tún omi bù, ó tẹ́ pòòpó ewé tuntun, ó pọ́n ìwọ̀nba ẹ̀wà tó kù, ó dé ọmọrí lé e. Bí ooru ti kan inú ọmọrí, omijé tó mu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ń kán padà sínú ìkòkò. Omi ò gbẹ mọ́. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ dì, ó sì rọ̀.

"Olúwa, o ṣeun," ni ìyá wí.

"Ẹ kúulé o, Ìyá mi!" ni Abọ́sẹ̀dé ké lójúde. "Ọ̀nà odò lòórùn ọ̀lẹ̀lẹ̀ yín ti pàdé mi!"

Ìyá gbé ọmọrí, ó fẹ́ dà á dé sínú eérú bí ìṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbọn omijé inú rẹ̀ sínú ìkòkò, ó sì ṣí ojú rẹ̀ sókè lórí òkúta ààrò. Ó wá gbé oúnjẹ wọlé.

Ọmọrí ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó pè é.

Nígbà tó yá, Abọ́sẹ̀dé padà sílé ọkọ rẹ̀. Ìyá sìn ín dé etí odò, ó padà wọ ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí.

"Ó tún ku èmi àti ìwọ, ọmọ mi," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọrí ìkòkò ti ń sunkún nígbàkígbà tí iná bá mú. Láti ọjọ́ náà sì ni ìyá tó bá mọ oúnjẹ sè kì í dojú rẹ̀ délẹ̀ mọ́. Á kọ́kọ́ gbọn omijé rẹ̀ sínú ìkòkò, á sì ṣí ojú rẹ̀ sókè, kó lè máa wò wá bí a ṣe ń gbé oúnjẹ lọ.