Ìtànṣán Ààbọ̀

Ní ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò ka ọdún rẹ̀ mọ́, ní ìlú kan tí àwọn tó sọ ìtàn yìí fún wa kò dárúkọ, ilé ìwádìí kan wà lórí òkè, níbi tí wọ́n ti ń sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo jígí bí ẹni ń sin ẹran ọ̀sìn. Ìbíwùnmí ni olùtọ́jú àwọn àwo náà. Àṣà ilé ọ̀hún ni pé ohun tí wọn yóò bá ṣe sí aláìsàn lọ́la, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bù lára rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe é sí lónìí. Oníṣègùn ló ń yan ìwọ̀n ìtànṣán, iná ẹ̀rọ tí ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n olùtọ́jú àwo lè ní kí wọ́n yí i padà bí àwo bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, wọ́n gbé àwo kan fún un tí orúkọ Òjùlarí, ìyá tó bí i, wà lára rẹ̀. Kókó jẹjẹrẹ ti sọ sí ìyá náà lọ́rùn. Ìtànṣán kíkún ni àwọn oníṣègùn ní kí ó gbà. Ṣùgbọ́n Ìbíwùnmí ti rí ọrùn àwọn tó gbà á rí, bí awọ wọn ṣe ń ṣí bí èèpo iṣu sísè. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é. Ó tọ Baba Adégorúsọ, olùdarí ẹ̀rọ, lọ.

"Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká lo ààbọ̀."

"Ṣé àwo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, àbí ọkàn rẹ?"

"Àwo ni, Baba."

Irọ́ ló pa.

Baba gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n tan ààbọ̀ sí àwo, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì kú bẹẹrẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ìyá náà ní ààbọ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ kejì, awọ rẹ̀ kò bó, inú Ìbíwùnmí sì dùn. Lọ́jọ́ kẹta, òkú inú àwo dín kù. Lọ́jọ́ kẹrin, wọn kò ju èyí tí a lè fi ìka kà lọ.

Ẹ̀rù bà á. Ó yẹ àwọn tó ṣẹ́kù wò títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké inú wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní microRNA. Àwọn ìránṣẹ́ yìí kì í kọ́lé, wọn kì í gbẹ́nà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ pé "Ó tó" fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ìránṣẹ́ tó ń dá àwọn alátùn-únṣe ọgbẹ́ lọ́wọ́ kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọgbẹ́ tí ìtànṣán bá dá, kíá ni àwọn alátùn-únṣe ń dí i.

Ó gbé àwo náà sábẹ́ ìtànṣán kíkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wò ó. Ẹyọ kan kò kú. Wọ́n ti bí sí i, wọ́n kún àwo dé etí.

"Màmá mi dà?" ló bi nọ́ọ̀sì.

"Wọ́n ti gbé wọn wọlé. Ààbọ̀ tòní ni wọ́n fẹ́ gbà."

Ìbíwùnmí sáré, ó sì ti ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá rẹ̀ ti nà gbalaja sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ dá a dúró, Baba. Irọ́ ni mo pa fún yín. Àwo kò sọ nǹkan kan." Ó sì rò fún wọn bí sẹ́ẹ̀lì inú àwo, tó fi ọjọ́ kan ṣáájú ti ọrùn ìyá rẹ̀, ṣe borí ìtànṣán.

Amọ̀kòkò ni Òjùlarí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"O kò wá mọ̀ pé ìkòkò tí iná kò bá fọ́, ńṣe ni iná ń mú un le?"

"Mo fẹ́ kó má dùn yín ni, Màmá."

"Kókó ọrùn mi lo kẹ́, o kò kẹ́ mi. Baba, ẹ fún mi ní odidi, kí kókó yìí tó kọ́ ọgbọ́n tó kù."

Odidi ni wọ́n fún un lọ́jọ́ náà àti fún ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Awọ ọrùn rẹ̀ bó, ohùn rẹ̀ lọ. Kókó náà súnkì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kú. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí Òjùlarí tún lò láyé, ọrùn rẹ̀ ni Ìbíwùnmí ń kọ́kọ́ fọwọ́ bà, kí ó tó kúnlẹ̀ kí i.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Adánilóró fagbára kọ́ni." Kí Elédùmarè má jẹ́ kí oró mọ ojúlé yín, ẹ̀yin tó gbọ́ ìtàn yìí, àwọn ọmọ yín yóò gbó, wọn yóò sì tọ́.