Fíìmù Tí Kò Tíì Lóhùn

Obìnrin kan wà ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Mẹ́síkò ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, oko èso ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó. Iṣẹ́ fíìmù ni òun ń ṣe. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan ló ní, àti tábìlì kan nínú yàrá ìdáná. Ó ń kọ̀wé pẹ̀lú, ibikíbi tí wọ́n bá sì ti fẹ́ rẹ́ àwọn ará àdúgbò rẹ̀ jẹ, wàá bá a níbẹ̀. Ìdúró ló ti ń jẹun.

Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ la títì gba àdúgbò náà kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ilé ibẹ̀ ti di ahoro. Àwọn ará àdúgbò wá bá obìnrin yìí. Wọ́n ní, "Bá wa ṣe fíìmù, kí wọ́n rí i pé èèyàn ń gbé ibẹ̀."

Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ya àwòrán wọn, ó gba ohùn wọn. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, ọ̀tọ̀ ni téèpù àwòrán, ọ̀tọ̀ ni ti ohùn. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń so méjèèjì pọ̀, kí ètè àti ọ̀rọ̀ lè bára mu. Ibẹ̀ ni obìnrin yìí há sí. Ó gé e, ó tò ó, ó tún tú u palẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá, kò fi han ẹnì kan. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ó kù díẹ̀."

Opó arúgbó kan tó ń rán aṣọ ní àdúgbò náà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, ṣé òkúta lò ń sè tí kò fi jinná?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń ṣe fíìmù kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sídìí tábìlì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ìpàdé ìkẹyìn tí wọn yóò ti dìbò lórí títì náà, tí wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀, ti di Ọjọ́bọ̀. Àwòrán ti tò, ohùn kò tíì wọ inú rẹ̀. Obìnrin náà bẹ ìgbìmọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kọ̀. Ó wá sọ fún àwọn ará àdúgbò pé òun kò ní gbé e lọ. "Fíìmù tó yadi? Wọn yóò fi wá ṣẹ̀sín."

Opó náà wò ó. "Àwa tá a ni ohùn ńkọ́? A ti kú ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngán. Bí ojú ẹnì kan bá ti yọ lára aṣọ náà, á dìde, á dárúkọ ara rẹ̀, á sì sọ iye ọdún tó ti lò nínú ilé rẹ̀. Obìnrin náà ń yí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ. Nígbà tó kan opó náà, igbe ló fi ta: "Dá a dúró! Ilé mi kọ́ nìyí! Ilé àbúrò mi lo gbé mi sí, àbúrò mi tí kì í gbálẹ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Alága ìgbìmọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ìwé rẹ̀ wò.

"Màmá, ẹ ní àbúrò yín ń gbé ibẹ̀? Ahoro ni wọ́n kọ síbí."

"Ahoro kẹ̀? Òun ló jókòó tì mí yìí."

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa ilà sórí ọ̀rọ̀ ahoro nínú ìwé. Wọn kò dìbò lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá la títì ọ̀hún, ẹ̀bá odò ni wọ́n gbé e gbà. Bí ohùn bá ti pé nínú fíìmù yẹn ni, gbogbo wọn ì bá jókòó jẹ́ẹ́ wò ó tán, ìgbìmọ̀ ì bá sì dìbò láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti ń kọ ìtàn ìdílé yín. O ti tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ títí. O ní àwọn ọdún kan kò bára mu. Ta ni yóò bá ọ mú wọn bára mu? Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Dìde, gbé ìwé náà bó ṣe wà, lọ kà á sí i létí. Jẹ́ kí ó já ọ ní koro nígbà tó ṣì lẹ́nu.