Kànga Méje Òjélàdé

"Ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá." Àwọn àgbà wa kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n èyí fẹ́ rúni lójú. Ẹnu la fi ń dúpẹ́. Kí wá ni ti inú ríro níbẹ̀?

Ní Òkè-Òùngbẹ, ìlú kan tí odò jìnnà sí, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni Òjélàdé ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún iṣu, kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ iṣu tuntun wò, olúkúlùkù baálé ilé á dúró níwájú Baálẹ̀, á sọ bí ọdún rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó bá wí ni gbogbo ìlú á fi ṣàdúrà fún un: "Kó tún rí bẹ́ẹ̀ fún ọ ní àmọ́dún."

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Òjélàdé rí ẹṣin funfun tí Fáṣọlá aládùúgbò rẹ̀ so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹṣin, ó wo ọkọ́ tirẹ̀ tí ilẹ̀ ti jẹ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Mo ti mọ ohun tí mo máa wí lónìí," ló sọ. "Ọdún yìí ò dára rárá."

Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó iṣu sílẹ̀. "Kí gbogbo ìlú wá ṣàmín sí i? Àlàó ọmọ mi, jókòó. Kànga mélòó lo wọ̀ lọ́dún yìí?"

"Méje."

"Mélòó lo jáde nínú rẹ̀?"

Òjélàdé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Bí n ò bá jáde, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ohun tí mo ń bi ọ́ náà nìyẹn."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí ìkarùn-ún, tó ya lulẹ̀ kété tí òun gòkè tán. Eruku ara ló kàn gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ló bá lọ jẹun.

Nígbà tó kàn án, ijó ló jó dé iwájú Baálẹ̀. "Baba, ọdún dára. Kànga méje ni mo wọ̀, ẹ̀ẹ̀méje ni mo jáde."

"O ó tún wọ̀, o ó tún jáde," ni ìlú dáhùn.

Fáṣọlá ké láti ẹ̀yìn: "Àmín o. Má mà dúró síbẹ̀ o, omi rẹ lẹṣin mi ń mu."

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní, "Wọ́n ní o ń ráhùn láàárọ̀. Ta ló kọ́ ọ lọ́pẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Baba. Ìyá mi kàn ní kí n jókòó, kí n rò ó ni."

Baálẹ̀ bẹ́ iṣu tuntun, Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ fún. Gbólóhùn tó fi lé e lọ́wọ́ la ń pa lówe dòní: ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá.