Afẹnupọnmọ, Ìyá Inú Àbàtà

Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Etíẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá mú àdá, ọ̀bẹ tàbí irin kankan wá, kí ó lọ gbé e kọ́ sórí igi lọ́hùn-ún kí n tó la ẹnu mi, nítorí mi ò ní tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, tètè rín in tán. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi náà rẹ́rìn-ín níbi tí o jókòó sí yẹn, ẹ̀rín náà kò sì bá mi délé. Òkìtì ewé tí ó wà níwájú yín yìí, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn. Ó gbóná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, àti ìdí tí ẹ̀rù fi gbọ́dọ̀ máa bà yín.

Láyé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì ga dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí àwọn bàbá wa tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ṣì ń sùn lórí pẹpẹ igi nítorí ẹrẹ̀, àbàtà yìí ni ó ń bọ́ wọn, òun náà ni ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀nì kúkúrú ni ó ni ín. Kì í ṣe ọ̀nì ńlá inú ọ̀sà tí í gbé ènìyàn lọ. Èyí kò gùn tó àgbàlagbà ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì gbòòrò, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó le bí èèpo ìdí ọ̀pẹ, àní ikùn rẹ̀ pàápàá gbé ìhámọ́ra wọ̀. Inú ihò tí ó gbẹ́ sábẹ́ gbòǹgbò igi létí omi ni ó ń gbé. Bí ọjọ́ bá rọ̀ tán ni í jáde wá jẹ akàn, ọ̀pọ̀lọ́, ìgbín àti ẹja wẹ́wẹ́, bí ó bá sì gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn, wéré ló ti padà wọlé. Ẹ̀dá tí ń sá fún wa ni àwa náà ń sá fún.

Kí ló dé? Ọdẹ kan ló rí i. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nì yìí a fi ẹsẹ̀ wọ́ ewé jíjẹrà àti ẹrẹ̀ jọ, a yé ẹyin bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀, a bò ó mọ́lẹ̀. Ooru ewé tí ń jẹrà náà ni yóò máa bá a sàba, òun fúnra rẹ̀ a dùbúlẹ̀ tì í, a máa ṣọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mélòó kan, títí àwọn ọmọ yóò fi máa ké láti inú ẹyin pé kí ìyá àwọn wá tú àwọn sílẹ̀. Ọdẹ náà rí i níbi tí ó ti ń tú òkìtì, tí ó sì ń gbé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dúró wo ìyókù. Ó sáré wálé, ó figbe ta: “Yéè! Ẹranko tí ń jẹ ọmọ ara rẹ̀ wà lábàtà!” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i, tí wọ́n sì ń fọ́ ẹyin rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró wo ìyókù. Omíyalé ni, apakàn, arìn-lábàtà-má-rì, obìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ mọ ibi tí omi jìn sí. Ìyàwó kékeré ni lọ́ọ̀dẹ̀ Akínṣọ̀wọ́n, olórí ọdẹ Etíẹrẹ̀, Ajógbó-kó-tó-béèrè-ọ̀nà, ọkùnrin tí í bínú kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan ni Akínṣọ̀wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ òsì lọ́jọ́ tí ó gbé e níyàwó, kò sì fìgbà kan bọ́ ọ. Omíyalé jókòó sórí gbòǹgbò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí i tí ọ̀nì gbé àwọn ọmọ dé inú omi, tí ó la ẹnu, tí wọ́n sì lúwẹ̀ẹ́ jáde láìfarapa. Ó wálé, ó ní: “Kò jẹ wọ́n o. Ẹnu ló fi pọ̀n wọ́n.” Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀nì.

Ọmọ méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, obìnrin, Málọmọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ ohun tí ẹni tó sọmọ ní Málọmọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òjò ọdún náà rọ̀, òtútù mú ọmọ, ikun dí i nímú àti lọ́fun, ojú rẹ̀ sì ń yí lọ. Omíyalé ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, ó fi ẹnu bo imú àti ẹnu ọmọ, ó fà á, ó tún fà á, títí ikun fi jáde tòun tẹ̀jẹ̀. Ọmọ mí kanlẹ̀. Ibi tí ó ti fẹ́ tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù ni Adétówùn, ìyáálé rẹ̀, já wọlé, tí ó rí ẹ̀jẹ̀ létè rẹ̀. Ká ní obìnrin mìíràn ni, ìyáálé ì bá béèrè. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọ̀nì ni. “Ẹ gbà mí o! Omíyalé ń jẹ ọmọ! Abájọ tí méjì àkọ́kọ́ fi lọ! Abájọ tó fi ń gbèjà ọ̀nì!”

Akínṣọ̀wọ́n já ọmọ gbà. Omíyalé kúnlẹ̀, ó ní: “Baba Málọmọ́, ẹ bi mí léèrè ohun tí mo gbé sẹ́nu.” Kò bi í. Ó fi ọ̀kọ̀ lé e dé etí àbàtà lọ́sàn-án gangan, gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn, ẹnu ẹnì kan kò sì gbà á láti sọ pé ẹ dúró ná. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Omíyalé wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó wọ̀ ọ́ dé ìbàdí, dé àyà, ó wá bojú wẹ̀yìn: “Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà yóò gbé e sẹ́nu.” Ó wọ abẹ́ gbòǹgbò lọ, kò jáde mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bá aṣọ ìró rẹ̀ lórí òkìtì ewé kan ní ibi gíga, ẹni tó fọwọ́ kan òkìtì náà sì sọ pé ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko ni òjò fi rọ̀ lé e lórí. Ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn, omi kún, ó wó ògiri, ó gbé agbo ẹran lọ, ó sì já Málọmọ́ gbà mọ́ Adétówùn lọ́wọ́. Akínṣọ̀wọ́n dúró lórí òkè tòun tọ̀kọ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ìgbà náà ni ọ̀nì kúkúrú kan yọrí láàárín omi, ọmọ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, apá kékeré kan yọ sóde lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín. Ẹranko tí í sá fún òjìji ènìyàn kò sá. Tààrà ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ Akínṣọ̀wọ́n. Gbogbo ìlú figbe bọnu: “Ó ń jẹ ẹ́! Ó ń jẹ ẹ́!” Akínṣọ̀wọ́n ju ọ̀kọ̀. Ó wọlé sí abẹ́ apá, níbi tí awọ ti rọ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ̀ pé ọ̀nì tí a bá gún, ẹnu ni í kọ́kọ́ pa dé. Èyí kò pa á dé. Pẹ̀lú ọ̀kọ̀ nínú ara, ó wọ́ dé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó la ẹnu, Málọmọ́ yí bọ́ sílẹ̀, ó sunkún, kò sí ojú eyín kankan lára rẹ̀. Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ọmọ, ó wá rí ìlẹ̀kẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀ iwájú, lápá òsì. Kí ó tó lè pe orúkọ, ọ̀nì ti fẹ̀yìn rìn padà sínú omi.

Omi fà, ṣùgbọ́n ìlú kò sinmi. Nígbà tí oṣù mẹ́ta ẹyin pé, igbe bẹ̀rẹ̀ nínú òkìtì tí wọ́n ti bá aṣọ ìró lórí rẹ̀, àwọn ọmọ inú ẹyin ń pe ìyá wọn, ìyá kò sì dáhùn. Kò pẹ́ tí àwọn ìkókó ìlú náà gba igbe ọ̀hún. Ohùn kan náà. Wọn kò gba ọmú, wọn kò sùn, wọ́n kàn ń ké bí ọmọ ọ̀nì títí ohùn fi ń há, ohùn Málọmọ́ ni ó sì fẹ́ kọ́kọ́ pin. Ìgbà náà ni Akínṣọ̀wọ́n rántí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ. Ó bọ́ gbogbo irin ara rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán tú òkìtì náà, ó sì ń gbé àwọn ọmọ ọ̀nì sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sínú omi. Eyín wọn gé e láhọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létè rẹ̀. Àwọn tó wà lókèèrè pariwo pé: “Ẹ wò ó o! Baba ń jẹ ọmọ!” Ó gbọ́ wọn, kò sì lè dáhùn, nítorí ẹnu rẹ̀ kún.

Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Bí ó ti la ẹnu fún èyí tó kẹ́yìn, orí kan yọ níwájú rẹ̀, ojú méjì wò ó láìṣẹ́jú, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Nínú ìlú, gbogbo ìkókó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba ọmú. Akínṣọ̀wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó pè é ní Afẹnupọnmọ, òrìṣà àbàtà, ìyá tí a gún tí kò pa ẹnu dé. Òrìṣà náà kò sọ pé òun dárí jì í. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí irin kì í fi í dé ibí, tí ẹnu wa kì í kan ẹran ọ̀nì, tí a sì máa ń kó ewé tútù wá fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kí ó rí nǹkan wọ́ jọ. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan obìnrin ní Etíẹrẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bínú, a gbọ́dọ̀ bi í pé: “Kí ni o gbé sẹ́nu?” Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ Málọmọ́ ló bí ìyá mi, ìdílé wa ló sì ń fi ẹnu kó àwọn ọmọ ọ̀nì inú òkìtì yìí dé omi lọ́dọọdún. Ẹ wo ahọ́n mi, ẹ wo àpá. Lọ́dún tí ìyá mi ṣàìsàn, tí ó fi ọjọ́ kan péré pẹ́ dé ìdí òkìtì yìí, ìkókó méjì la sin, ọ̀kan jẹ́ àbúrò mi.

Ẹ dákẹ́. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti ń ké. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ dání, ẹ fún wọn lọ́mú kí n tó débẹ̀. Bí omi bá mì, ẹ má sá. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ létè mi, ẹ má pariwo. Ohun tí ẹ bá fẹ́ bi mí, ẹ bi mí nísinsìnyí, torí ẹni tó gbé ọmọ sẹ́nu kì í fọhùn.