Ọwọ́ Tó Di Ìrù Ejò Mú

Bádéjókò àti Ládùntán jókòó sábẹ́ igi ìyeyè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ iṣu sísun, wọ́n sì ń bú ara wọn bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bú ara wọn.

"Bí ejò bá rí ojú rẹ, àánú ni yóò ṣe é," ni Ládùntán wí.

"Ìwọ ńkọ́? Ejò kankan ò tíì rí ojú tìrẹ rí. Ẹ̀yìn lo máa ń wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí iṣu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn lọ́fun.

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe ní ìlú Ajítẹ̀: wọ́n ń mú ejò láàyè. Bí Bádéjókò bá ti fi ọ̀pá ẹlẹ́ka méjì tẹ orí ejò mọ́lẹ̀, Ládùntán a di ìrù rẹ̀ mú kí ó má baà wé mọ́ni. Ẹnìkan kì í dá a ṣe. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ejò wọ̀lú, èèwọ̀ ni kí a kí ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú, paramọ́lẹ̀ bu ọmọ Bádéjókò ṣán lóko. Ó kú lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ìlú ńlá. Ládùntán ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí Dókítà Morádékẹ́ wá láti yunifásítì, tó ń wá ejò tí wọn yóò máa gba oró ẹnu wọn láti fi ṣe oògùn, Bádéjókò kò bèèrè ohun tí yóò jẹ níbẹ̀. "Kó má tún ṣẹlẹ̀ sọ́mọ ẹlòmíràn," ni ó wí. Ìlú yọ̀ǹda ilẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n kọ́ ilé ejò síbẹ̀. Ọká àti paramọ́lẹ̀ wọ inú àpótí. Òjòlá náà wọ tirẹ̀. Kò ní oró, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ọkàn Morádékẹ́ mọ́, àmọ́ kò bèèrè bí wọ́n ṣe ń kí ará ibẹ̀. Níwájú ọba, Bádéjókò nìkan ni ó nawọ́ sí: "Kábíyèsí, olùkọ́ mi rèé." Ó tún gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ejò. Bádéjókò ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, orí ọká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní etí àwòrán náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló hàn, ó di ìrù mú.

"Ládùntán," ni àwọn obìnrin ń kígbe nídìí ẹ̀rọ omi, "ọrùn ọwọ́ rẹ mà rẹwà o! Orí rẹ dà?"

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí mọ́tò Dókítà bá ti dé, yóò máa ṣọ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kí.

"Bádéjókò, ṣé o ò lè sọ fún un pé àwa méjèèjì la jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ni?"

"Ṣé èmi ni mo ya àwòrán? Ọ̀rọ̀ kékeré lò ń sọ di ńlá."

"Ó dáa. Olùkọ́."

Òótọ́ ni pé orúkọ náà ti dùn mọ́ Bádéjókò létí. Wọn kò jọ jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, tí àdúgbò dá páropáro, Ládùntán wọ ilé ejò, ó ṣí gbogbo àpótí. Lójú tirẹ̀, wọn yóò padà sínú igbó, Dókítà yóò sì wá kúnlẹ̀ nílé òun pé, "Bàbá, ẹ bá wa mú wọn." Ó gbàgbé pé ejò tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ ènìyàn kì í sá fún ènìyàn mọ́. Ojú ọ̀nà ọjà ni wọ́n gbà. Ọká ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ lù ú pa. Nígbà tó yá, paramọ́lẹ̀ fà jáde, wọ́n pa òun náà. Òjòlá tí kò lóró ló kẹ́yìn. Wọn kò dá a sí.

Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Morádékẹ́ dé, ó figbe ta: "Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Ẹ bi olùkọ́ yín," ni Ládùntán dáhùn.

"Ìlara rẹ ló ṣí i!" ni Bádéjókò wí. Ó yíjú sí Morádékẹ́. "Ẹ̀yin náà, Dókítà, ẹ̀yin lẹ da àárín wa rú."

"Èmi? Ìlú yín ló dà mí!"

Ìyá Bádéjókò, ìyá àgbà ọmọ tó kú, fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí àwọn òkú ejò náà. Àwọn mẹ́ta tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kọjú sí.

"Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni ì bá dúró gbé kùmọ̀?"

Morádékẹ́ lọ, yunifásítì kò sì rán ẹlòmíràn wá. Àwọn àpótí náà ṣì wà níbẹ̀. Adìyẹ ń yé sínú wọn. Ọ̀kadà ni wọ́n ṣì fi ń gbé ẹni tí ejò bá ṣán lọ sí ìlú ńlá, àwọn mìíràn kì í sì í débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Ajítẹ̀ ti ń pa á lówe pé, àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà.